AP World, World History lásán, àbí dual credit: èwo ni kí ọmọ mú?

Tó bá ti di Jánúárì sí Fẹ́búárì báyìí, tí ilé ìwé bá fi fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sílé, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Àwa òbí Yorùbá tí a wà ní Houston níbí, tí ọmọ wa ń lọ sí kíláàsì kẹwàá, ìbéèrè kan náà la máa ń bi ara wa: ṣé kó ṣe AP World History ni (AP, ìyẹn Advanced Placement, kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì tí ọmọ ń ṣe ní sẹ̀kọ́ńdírì), àbí kó ṣe World History tí gbogbo ọmọ ń ṣe, kó wá ṣe ìtàn dual credit tó bá dé kíláàsì kọkànlá? Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé fóònù á ní "AP ni o, AP làwọn yunifásítì ń wò," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò yẹ kó tán síbẹ̀ jàre. Ọmọ mi méjì ti gba ọ̀nà yìí kọjá, àkọ́bí ṣe AP, èkejì ò ṣe é, èmi ni mo jókòó tì wọ́n nídìí tábìlì kíṣìnì, ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ohun tó ya àwọn kọ́ọ̀sì yìí sọ́tọ̀ gan-an ni irú ìwé tí ọmọ máa kà àti irú nǹkan tó máa kọ. Kírédíìtì yunifásítì tí gbogbo wa ń lé kiri yẹn, ẹ̀yìn ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ́.

World History tí gbogbo ọmọ ń ṣe, ìjọba Texas ló ṣe síléébọ́ọ̀sì ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáko, á gba Íjíbítì kọjá, á gba Gíríìsì àti Róòmù, títí á fi dé ayé òde òní, nítorí náà díẹ̀ díẹ̀ ló ń fọwọ́ ba gbogbo nǹkan. Kò sí STAAR, ìyẹn ìdánwò ìjọba Texas, lórí ẹ̀, US History ló ní STAAR. Ilé ìwé míì máa ń ya kíláàsì honors sọ́tọ̀, síléébọ́ọ̀sì kan náà ni, iṣẹ́ ilé ló pọ̀ sí i, tíṣà á sì máa retí kí ọmọ kọ ju ìlà méjì mẹ́ta lọ.

AP World ní tiẹ̀, College Board, àjọ tó ń ṣe ìdánwò AP, ló ni ín, síléébọ́ọ̀sì kan náà ni jákèjádò Amẹ́ríkà, ọdún 1200 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjà ló bí 1200 yẹn o. Ní 2018, College Board kéde pé 1450 làwọn fẹ́ kí kọ́ọ̀sì náà máa ti bẹ̀rẹ̀ torí pé ìtàn ọ̀hún ti pọ̀ jù fún ọdún kan, làwọn tíṣà àtàwọn ọmọ ilé ìwé bá fárígá, wọ́n ní tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1450, ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó gúnlẹ̀ ni ọmọ máa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Áfíríkà. Wọ́n gbọ́ sí wọn lẹ́nu, wọ́n gbé e wá sí 1200. Òun ló jẹ́ kí ọmọ wa ṣì lè pàdé Mansa Musa ti Málì, àwọn ìlú Hausa àti Great Zimbabwe kí àwọn ará Portugal tó yọ lókèèrè. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tíṣà yẹn títí dòní.

Dual credit, kọ́ọ̀sì community college, ìyẹn kọ́léèjì ọlọ́dún méjì, ni, ọmọ ń ṣe é nígbà tó ṣì wà ní sẹ̀kọ́ńdírì, máàkì kan ṣoṣo tó bá gbà ló máa wọ inú ìwé ilé ìwé ẹ̀ àti ti kọ́léèjì. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kíláàsì kọkànlá ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, US History sì lọ̀pọ̀ wọn ń fi ṣe é. IB (International Baccalaureate) náà wà, àmọ́ ọdún méjì gbáko ni, kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá, ilé ìwé tó ń ṣe é ò sì pọ̀, tí tiyín bá ní in, ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó jókòó sọ lọ́tọ̀.

Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15 ni ìdánwò AP World, inú oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, orí kọ̀ǹpútà sì ni. Ìbéèrè 55 ló wà tí ọmọ á ti yan èyí tó tọ̀nà, ìṣẹ́jú 55 ló ní fún un, ìyẹn kó 40% máàkì. Ìbéèrè kéékèèké mẹ́ta tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 40, 20%. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á gbé DBQ wá, ìwé méje ni wọ́n máa kó síwájú ọmọ, ó lè jẹ́ lẹ́tà, ó lè jẹ́ òfin ọba kan, ó lè jẹ́ àwòrán tàbí ohun tí arìnrìn-àjò kan kọ sílẹ̀, wákàtí kan ló ní láti fi kà wọ́n kó sì fi wọ́n gbe ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀, 25%. LEQ ló kẹ́yìn, àròkọ láìsí ìwé kankan níwájú ẹ̀, ìṣẹ́jú 40, 15%. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 60% máàkì yẹn, ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́ jáde. Ọmọ tó lè ka ọdún ogun Napoleon lórí bí ẹni ka ABD, tí kò lè fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀, kọ́ọ̀sì yìí máa mú kó rẹ̀ ẹ́.

Ó ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àkọ́bí mi nídìí tábìlì, tíṣà ti fún wọn ní ìwé méje láti fi dánra wò, orí òwò epo pupa ni, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo wa ni wọ́n fi ń se ọṣẹ nígbà náà, òun ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, òun ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ lára kó má baà gan. Ọmọ yìí ti fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ojú ìwé ti dúdú, kò sì tíì kọ nǹkan kan. Màámi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, epo ni màámi fi tọ́ wa, ó bá fa àga, ó ní kí ó ka ọ̀kan fún òun kó túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti oníṣòwò kan ní Liverpool, ó ń sọ bí òwò epo ṣe mú àlàáfíà àti ọrọ̀ bá àwọn ará etíkun. Màámi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé òun ló ń ta epo yìí ni àbí òun ló ń rà á?"

Ọmọ ní, "Òun ló ń rà á, Màmá."

"Ẹni tó ń ra ọjà ló wá ń sọ pé ọjà náà ń ṣe ẹni tó ń tà á lóore. Kí lo rò pé ó ń wá?"

Ọmọ dákẹ́. Ló bá gbé bírò, ó kọ ọ́. Nínú máàkì 7 tí wọ́n ń fún DBQ, máàkì kan wà tó jẹ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ mú ìwé méjì ó kéré tán nínú méje yẹn, kó sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, tàbí ohun tó ń wá, kó sì sọ ìdí tí ìyẹn fi kan ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ohun tí màámi fi gbólóhùn méjì béèrè nìyẹn. Máàkì míì wà fún ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé méje náà rárá, ìyẹn náà ni ọmọ mi fi rántí Èkó, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, òwò epo sì wà lára ohun tí wọ́n ń lé. Kò sí ìwé kankan nínú méjèèje tó dárúkọ Èkó. Ilé ló ti mú un.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn ọmọ wa ò ní nǹkan kan láti mú dé kíláàsì yẹn. Òótọ́ ni pé Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú síléébọ́ọ̀sì náà, àwọn Asante àti Kongo lẹ máa rí níbi òwò òkun, Sókótó àti ogun Yaa Asantewaa níbi tí àwọn èèyàn ti ń bá amúnisìn jà, Biafra níbi òmìnira. Àmọ́ LEQ ò sọ fún ọmọ pé orílẹ̀-èdè báyìí ni kó mú, ẹ̀rí tó bá ìbéèrè mu ni wọ́n ń fẹ́. Ọmọ tó mọ bí Ọ̀yọ́ ṣe fi ẹṣin jagun, tó mọ̀ pé Ṣàngó àti Yemọja bá àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ ẹrú dé Cuba àti Brazil tí wọ́n ṣì ń bọ wọ́n níbẹ̀ títí dòní, ó ti ní ohun tó máa fi kọ̀wé. Ẹ máa sọ ìtàn fún wọn nílé, ẹ jọ̀ọ́.

Nínú World History lásán, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń yan ìdáhùn nínú A sí D, ó ń ya máàpù, ó ń ṣe pósítà, tíṣà ẹ̀ dáa, ó sì mọ ohun tí Ogun Àgbáyé Kìíní dá sílẹ̀. Àmọ́ n ò rántí alẹ́ kan tí ìtàn fi gba oorun lójú ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó ka ìwé tán, ìṣirò ló fẹ́ràn, ọdún yẹn sì ni Algebra II ẹ̀ le jù, a bá jókòó a sì sọ ọ́ pé honors ni kó mú, kó má ṣe AP. Àwọn kan bi mí pé ṣé mi ò ro ọjọ́ ọ̀la ọmọ ni. Ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ gan-an ni mo rò.

Kírédíìtì tí gbogbo wa ń sáré sí

AP, 1 sí 5 ni èsì ẹ̀, oṣù keje ló ń jáde. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Texas máa ń gba 3, àwọn míì fẹ́ 4 tàbí 5, àwọn aládàáni ńlá ńlá míì ò ní fún ọmọ ní nǹkan kan, wọ́n á kàn rí i pé ó ṣe iṣẹ́ tó le. Ẹ lọ wo sáìtì yunifásítì tí ẹ ní lọ́kàn fúnra yín, ẹ má gba ti èmi gbọ́.

Ohun kan wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi nígbà yẹn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin Texas ní ẹni tó bá máa jáde ní yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ ní wákàtí kírédíìtì 6 nínú ìtàn Amẹ́ríkà. AP World ò lè bá yín san gbèsè yẹn, kódà kí ọmọ gba 5. AP US History ló lè san án, dual credit US History náà lè san án. Kírédíìtì AP World, ibòmíì ló máa bọ́ sí, nígbà míì kò ní dín ohun kankan kù nínú ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́. Tó bá jẹ́ torí owó ilé ìwé nìkan lẹ ṣe ń wá kọ́ọ̀sì ìtàn, dual credit US History ní kíláàsì kọkànlá ló sún mọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá jù.

Kí wá ni AP World ń ṣe fún ọmọ ní kíláàsì kẹwàá? Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ DBQ. AP US History ń lo irú DBQ àti LEQ kan náà, bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní máàkì kò yàtọ̀. Àkọ́bí mi gba 3 nínú AP World, ó sunkún, mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí AP US History dé lọ́dún kejì ó ti mọ ọ̀nà, kò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 5 ló gbà.

Dual credit ní ewu tiẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ yín di dókítà, ẹ sún mọ́ mi. Tí ọmọ bá gba 2 nínú AP, kò ní láti fi han yunifásítì kankan, ó parí. Ṣùgbọ́n máàkì dual credit, máàkì kọ́léèjì ni, títí ayé ni. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, gbogbo kọ́ọ̀sì kọ́léèjì tó ti ṣe láyé ẹ̀, títí kan èyí tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló máa kọ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì ṣírò ẹ̀ mọ́ GPA ẹ̀, ìyẹn àròpín máàkì ẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tí ọmọ wọn gba D nínú dual credit torí pé bọ́ọ̀lù gbà á lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì mọ bó ṣe ń ṣètò àkókò ẹ̀ wọ dual credit torí pé ó jọ pé ó rọrùn.

GPA, owó

Ní Texas, ipò tí ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe pàtàkì, torí òfin kan wà láti 1997 pé ọmọ tó bá wà nínú 10% àkọ́kọ́ ní ilé ìwé ẹ̀, àwọn yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. UT Austin (University of Texas tó wà ní Austin) nìkan ló ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, tiwọn kéré sí 10%. Ọ̀pọ̀ district, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwé àdúgbò, ló máa ń fi kún GPA fún AP àti dual credit ju ti kíláàsì lásán lọ, èyí ló sì fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òbí ń ti ọmọ wọ AP. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ilé ìwé yín, kẹ́ ẹ mọ iye gan-an tí wọ́n ń fi kún un, torí pé B nínú AP lè ga ju A nínú kíláàsì lásán lọ ní district kan, kó máà sì rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíì, C nínú AP kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Owó ìdánwò AP kan ò jìnnà sí $100. Oṣù kọkànlá ni ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ pé ọmọ máa ṣe é, tẹ́ ẹ bá pẹ́, $40 wọlé lé e, tẹ́ ẹ bá sì forúkọ sílẹ̀ tán tí ọmọ ò lọ, $40 náà ni. Ìdílé tí owó wọn ò pọ̀ máa ń rí ẹ̀dínwó, ẹ má tijú béèrè. Dual credit yàtọ̀ láti district sí district, ibòmíì ọ̀fẹ́ ni, ibòmíì ẹ máa ra ìwé.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, JSS 3 ló ti kúrò. Ẹ rántí pé láti 2009 lọ ni wọ́n ti fa ìtàn yọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ní Nàìjíríà, 2018 ni wọ́n tó ní kó padà, síbẹ̀ ọmọ yìí ò tíì jókòó sí kíláàsì ìtàn rí láyé ẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ kan wo èsì ìdánwò tó mú wá láti ilé, kò bi í ní nǹkan kan, ó jù ú sí kíláàsì tó rọrùn jù. Ó dùn mí gan-an, torí pé ọmọ náà ń kàwé bí ẹni ń jẹ guguru. A padà lọ, a ní kí wọ́n fún un ní àròkọ kan kó kọ níbẹ̀, ó kọ ọ́, wọ́n gbé e sí honors lọ́jọ́ kejì. AP World ọdún àkọ́kọ́ ì bá ti pọ̀ jù fún un, orúkọ àwọn ìlú àti ọba tó jẹ́ tuntun sí i ti pọ̀ jù, ìyẹn ni mo fi ní kó mú honors lọ́dún yẹn, ó wá mú AP US History lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun kan tó máa fi àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́kàn balẹ̀: wọn kì í yọ máàkì tórí àṣìṣe gírámà nínú DBQ bí ọ̀rọ̀ bá ṣáà yé ẹni tó ń kà á, wọ́n mọ̀ pé kíá ni ọmọ kọ ọ́.

Bí mo ṣe ń yan báyìí

Ọmọ tó ń kàwé láìjẹ́ pé wọ́n fi pàṣán lé e, tó ń jiyàn, tó ń bi yín pé "ta ló sọ bẹ́ẹ̀" títí tí ẹ̀mí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, AP World ni kó mú. Èyí tí ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì ń gba gbogbo ọpọlọ ẹ̀ lọ́dún yẹn, honors tó o. Èyí tó mọ bó ṣe ń dá ara ẹ̀ mú, tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò, tẹ́ ẹ sì fẹ́ dín owó yunifásítì kù, ẹ dúró de dual credit US History. Kì í ṣe pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé. College Board máa ń gbé DBQ àwọn ọdún tó ti kọjá sórí sáìtì wọn, ọ̀fẹ́ ni, àwọn àpẹẹrẹ ohun tí àwọn ọmọ kọ àti máàkì tí wọ́n gbà wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan jáde. Òwúrọ̀ Sátidé kan tí ilé pa rọ́rọ́, ẹ fún ọmọ ní ìwé méje yẹn, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí kan. Ẹ má retí kó kọ ọ́ dáadáa, kò tíì kọ́ ọ. Ẹ kàn wò ó bóyá ó ka gbogbo ẹ̀ tán, bóyá ó fa nǹkan kan yọ, bóyá ó ń bínú sí ìwé tàbí ìwé ń fà á mọ́ra.

Àbíkẹ́yìn mi ṣe tiẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ojú ìwé kan péré ló kọ, ìparí ẹ̀ ò dúró dáadáa, ìwé kẹfà ò sì yé e rárá. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kẹta, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ ní kékeré pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń ṣàlàyé ara ẹ̀ tó báyìí, ta ló ń bẹ̀rù? Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù AP.